Kamuṣáàfù Píkọ́ọ̀pù Màmá Mi

Kí ládàánì tó parí ìpè àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìbá, ìgbálẹ̀ ìyá àgbà á ti máa ha yanrìn àgbàlá, kò sì ní pẹ́ tí píkọ́ọ̀pù màmá mi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Mo ní húkọ́ nítorí pé ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Màmá mi á yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dísù náà á gbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á húkọ́, á pọ èéfín dúdú sára ògiri ilé ìdáná, lẹ́yìn náà ni á wá rọlẹ̀ tí á máa kùn. Ibi tí èéfín náà máa ń bà lára ògiri dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí a ṣe ń fi ẹfun kùn ún tó, kò bò ó. Ìyá àgbà á na ìgbálẹ̀ sí ọkọ̀ náà, wọ́n á ní kó yé bu èéfín sínú àkàrà àwọn. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, tí mo bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì dísù láàárọ̀, níbikíbi tí mo bá wà, ọkàn mi á padà sí àgbàlá yẹn, n ó sì máa retí kí ẹnìkan pè mí pé kí n wá gbé omi ẹ̀kọ kaná.

Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, ẹ ó fi orí jì mí. Láti Okokomaiko títí dé Ajangbadi, mi ò mọ obìnrin mìíràn nígbà náà tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ ẹrù. Búlọ́ọ̀kù ni màmá mi ń ṣe tà, nínú ọgbà kékeré kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀. Gbogbo ayé ló ń kọ́lé lágbègbè wa. Ilẹ̀ tí a ti ń ṣa ìgbín lọ́dún tó kọjá, o lè débẹ̀ lọ́la kí o bá ìpìlẹ̀ ilé lórí rẹ̀. Àwọn típà ńlá kò lè wọ àárín ilé tóóró, ibẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù màmá mi ti rí iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n á so ìró mọ́dìí gbọin-in, wọ́n á ká aṣọ àtijọ́ méjì sábẹ́ ìdí kí wọ́n lè rí iwájú, wọ́n á sì bọ́ bàtà sílẹ̀, nítorí wọ́n ní ẹsẹ̀ tó wọ bàtà kì í gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ. Àwọn ọkùnrin tó máa ń ta ayò níwájú ilé oníbúrẹ́dì á máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyá Rẹ́nikẹ́, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń wa ta?" Màmá mi kì í bá wọn fa ọ̀rọ̀ gùn. "Ẹ kúrò lọ́nà, ẹ ó rí i." Èmi Rẹ́nikẹ́ tí mo jókòó tì wọ́n, orí mi á wú bí ẹni pé èmi ni mo di ọwọ́ ọkọ̀ mú.

Mẹkáníìkì ni bàbá mi. Abẹ́ igi furúùtù iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n wọn kì í tú ẹ́ńjìnnì kankan láì kọ ọ́ sílẹ̀. Páálí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù tí wọ́n máa ń fi há etí. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n tú, ohun tí wọ́n pààrọ̀, àti ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á ki páálí náà sẹ́yìn síìtì ọkọ̀, kí mẹkáníìkì tó bá tún máa tú u lọ́jọ́ iwájú lè mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, orúkọ rẹ̀ á wà lórí páálí, wọn kì í sì í yọ ara wọn sílẹ̀. Mo rí ọ̀kan rí tí wọ́n kọ sí i pé, "Èmi ni mo já nọ́ọ̀tì yìí. Ìkánjú ni." Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn máa ń pè wọ́n ní Akọ̀wé Páálí. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ́ńjìnnì ò lẹ́nu. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo wà ní ìwé márùn-ún, àwọn àgbà àdúgbò sì fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Ilẹ̀ tí wọ́n rí kò sí nínú àbàtà, orí ibi gíga kan ló wà, inú wa sì dùn sí i, àfi ọ̀nà rẹ̀ tó le. Yanrìn rírọ̀ ni títí dé ìdí ìgòkè, lẹ́yìn èyí ni ìgòkè fúnra rẹ̀, amọ̀ pupa tí òjò ti gbẹ́. Típà rì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, okùn ni wọ́n fi fà á jáde. Màmá mi lọ bá Alhaji tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fún àwọn ní iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù náà. Èmi ni mo ru ìgò omi wọn tẹ̀lé wọn. Alhaji kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìdájọ́ ni. "Ìyá Rẹ́nikẹ́, mi ò kẹ́gàn yín o. A ti rí ọkọ̀ yín lórí ìgòkè yẹn. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbé, èéfín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà wo la máa kọ́ ilé tán? Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ lágbára." Màmá mi ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, Alhaji. Bí mi ò bá gbé ogójì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbé e fún ẹni tó bá wù yín." Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ èrè lọ. Àbúrò tó tẹ̀lé mi kò dúró. Nígbà tí màmá mi ń rọbí rẹ̀, ọ̀nà ọsibítù jìn, òjò ń rọ̀, a ò tíì dé Okokomaiko tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Màmá mi kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè jẹ́ kí a kọ́ ilé ìgbẹ̀bí yẹn láìjẹ́ pé ọwọ́ wọn wà nínú ògiri rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ òbọ̀kún la jẹ. Bàbá mi lá ọwọ́ tán. Wọ́n wá ní àwọn ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà tipẹ́. "Tọ́bò tó wà lára rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì dáadáa. Atẹ́gùn ò wọ́n ọn. Ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni kì í ṣí tó, ìdí nìyẹn tó fi ń mu dísù tí kò lè jó tán, tó ń pọ̀ ọ́ bí èéfín." Wọ́n ṣàlàyé fún ìyá àgbà pé irin gígùn kan wà níkùn ẹ́ńjìnnì tí à ń pè ní kamuṣáàfù. Ó ní kókó mẹ́jọ lára. Bó bá ti ń yí, kókó kọ̀ọ̀kan á gbé ilẹ̀kùn tirẹ̀ sókè. Kamuṣáàfù mìíràn wà tí kókó tirẹ̀ ga ju èyí lọ, wọ́n ń fi í sínú ẹ́ńjìnnì kan náà tó wà lára ọkọ̀ tó tóbi sí i. Bí àwọn bá rí i, tí àwọn fi í rọ́pò, ilẹ̀kùn á ṣí gbayawu, á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó padé. Ọmọ Ọ̀tọ̀ ni ìyá àgbà, Àwórì pọ́ńbélé, mi ò lè kọ èdè wọn sílẹ̀ bó ṣe ń dún, àmọ́ ohun tí wọ́n sọ kò ṣòro. Wọ́n ní ọkọ̀ yẹn ń rìn, òun ló ń bọ́ ilé, kí ló dé tí ẹnìkan fẹ́ la ikùn rẹ̀? "Ẹni tó ń wá ìfà ń wá òfò." Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Màámi, mi ò wá ìfà. Èémí ni mò ń wá fún un." Gbogbo wa wá wo màmá mi, nítorí pé àwọn ló ni ọkọ̀. Wọ́n ń yọ eegun ẹja lẹ́nu. "Ẹ tú u," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n kó àwo kúrò nílẹ̀.

Bàbá mi mú mi dání lọ sí Alaba. Wọ́n mọ ọkùnrin Ìbò kan níbẹ̀ tí à ń pè ní Ọ̀gá Okey. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tà, ṣùgbọ́n ìdí kọntéínà tó ń gbé rédíò wá fún un kì í ṣàìní ẹ́ńjìnnì àlòkù. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbogbo rédíò ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń gbọ́ wa láàárín wọn láì pariwo. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé irin kan jáde tí wọ́n fi gírísì àti ọ̀rá wé bí ọmọ tuntun. "Ọ̀gá mẹkáníìkì, na the bigger model own be this. Look the body." Bàbá mi fi àtàǹpàkò pa kókó kọ̀ọ̀kan, wọ́n di ojú. "Tápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ńkọ́?" Ọ̀gá Okey mú irin kúkúrú mẹ́jọ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí ife kékeré, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì fi àkísà dì lọ́tọ̀, tó kọ nọ́ńbà sí. "E complete. Dem don marry. Abeg, no scatter dem o." Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, bàbá mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni pé mo jẹ́ mẹkáníìkì ẹgbẹ́ wọn. Orí kókó ni tápẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí. Kókó kìíní àti tápẹ́ẹ̀tì kìíní ti jọ ha ara wọn títí tí wọ́n fi bára mu. Bí o bá gbé tápẹ́ẹ̀tì kejì fún kókó kìíní, ìjà dé nìyẹn, wọ́n á jẹ ara wọn títí kókó á fi tán. Mo ní mo ti gbọ́, òótọ́ sì ni, mo gbọ́ ọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tú ọkọ̀ náà. Píkọ́ọ̀pù màmá mi dákẹ́, àárọ̀ wa sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń bú u lójoojúmọ́ ló kọ́kọ́ sọ pé ilé ti pa lọ́lọ́ jù. Dípò ikọ́ rẹ̀, ìró sípánà la ń gbọ́, àti orin tí bàbá mi máa ń kùn nímú tí nǹkan bá ń lọ déédéé. Wọ́n yọ kamuṣáàfù àtijọ́, wọ́n ti tuntun bọ̀ ọ́, wọ́n to àmì pọ̀ mọ́ àmì. Wọ́n lu ihò mẹ́jọ sára páálí kan, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sínú ihò tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ kejì, àwọn á jù wọ́n sáyè wọn, ọkọ̀ á sì jí.

Ọjọ́ kejì ni Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ọjọ́ sanitéṣọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Èkó nígbà yẹn ò ní gbàgbé. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rìn lójú títì títí aago mẹ́wàá, gbogbo ọkùnrin á wà nínú gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wolé-wolé á sì máa wọ agboolé kiri, á máa fi ọ̀pá yẹ ìdí àmù wò. Bàbá mi àti màmá mi wà lójú gọ́tà. Ìyá àgbà fi àgbàlá àti abẹ́ igi furúùtù lé mi lọ́wọ́. Lójú ìyá àgbà, ohun tó bá ní gírísì lára, ìdọ̀tí ni, ìbáà jẹ́ wúrà. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, "Àjíkẹ́, wolé-wolé ò gbọdọ̀ bá nǹkan dúdú kankan nílẹ̀ yìí o." Mo gbálẹ̀, mo kó ewé, mo fọ ìkòkò. Mo wá dé ibi páálí. Àwọn irin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúdú, wọ́n ń yọ̀, eruku ti lẹ̀ mọ́ wọn. Mo mọ ohun tí Ọ̀gá Okey wí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: mo mú kìíní, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo fi àkísà nù ún, mo dá a padà. Kejì bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo mú ẹ̀kẹta ni mo gbọ́ fèrè wolé-wolé lágboolé kejì. Àyà mi já. Mo rí i lójú ọkàn mi bí wọ́n ṣe ń mú bàbá mi lọ nítorí páálí elépo. Mo da gbogbo wọn sínú abọ́ kẹrosíìnì, tó fi mọ́ èyí tí mo ti fọ̀, mo fi kànhìnkànhìn ha wọ́n, mo fi àdín pa wọ́n lára kí wọ́n má bàa dípẹtà, mo wá ń ki wọ́n sínú ihò bí ọwọ́ mi ṣe bà wọ́n. Páálí náà pàápàá, mo fi àkísà nù ún kó lè mọ́. Nígbà tí wolé-wolé wọlé, ó wò wọ́n tí wọ́n ń dán gbinrin, ó ní ilé yìí mọ́ tónítóní. Ìgbà tó jáde ni ọkàn mi padà wálé, mo sì rí ohun tí mo ti ṣe.

Ohun tó burú jù ni pé wọ́n yìn mí. Aago mẹ́wàá lù, bàbá mi ti gọ́tà dé, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n tẹjú mọ́ páálí. "Ta ló fọ nǹkan wọ̀nyí? Tuntun ò mọ́ tó báyìí." Ìyá àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ta ni ì bá tún fọ̀ ọ́? Ọmọ mi ni." Màmá mi pàtẹ́wọ́ fún mi pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Inú mi bàjẹ́, ojú mi sì ń rẹ́rìn-ín. Mo rò ó pé bóyá orí ti bá mi ṣe é, bóyá wọ́n bọ́ sáyè wọn. Bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Wọ́n jọ ara wọn bí ẹyin adìẹ. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì, wọ́n mú tápẹ́ẹ̀tì láti inú ihò àkọ́kọ́, wọ́n fi òróró kùn ún, wọ́n nà án síbi tí wọ́n fẹ́ jù ú sí. Mo wo ẹsẹ̀ màmá mi, ẹsẹ̀ tí kì í wọ bàtà wakọ̀. Mo rí i lórí ìgòkè yẹn.

"Bàámi, mi ò mọ èyí tó jẹ́ kìíní mọ́."

Ọwọ́ wọn dúró lókè. Wọ́n wá gbé irin náà lélẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n jókòó lórí àpótí irinṣẹ́, wọ́n ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́, tòun ti fèrè wolé-wolé. Ìyá àgbà fẹ́ gba ẹ̀bi náà, wọ́n ní àwọn ló ní kí n má ṣe fi nǹkan dúdú sílẹ̀, bàbá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí n parí. Nígbà tí mo parí, wọ́n bi mí pé, "Tó o bá dákẹ́ ńkọ́?" Mo ní wọ́n á jẹ ara wọn. "Ta ló máa mọ̀?" Mo ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. "Màmá ẹ á mọ̀," ni wọ́n wí, "lórí ìgòkè, pẹ̀lú ogójì búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn." Ẹkún wá gbé mi. Màmá mi kò bá mi wí, wọn ò sì rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n lọ mú aṣọ mi kan wá. "Nu ojú ẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Bàbá Rẹ́nikẹ́, kí ni ṣíṣe?"

Ọ̀dọ̀ Bàbá Tọ́nà ni ṣíṣe. Ará Ègùn ni bàbá arúgbó yìí, ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irin ní Okokomaiko, irun àgbọ̀n rẹ̀ sì kún fún eruku irin. Ó fi gíláàsì rẹ̀ wo tápẹ́ẹ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ojú wọn ti gba àmì ọkọ àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ ẹni tó fẹ́ ẹni. Ọ̀nà kan ló wà: kí òun fá ojú gbogbo wọn díẹ̀, kí wọ́n di ọmọge padà. "Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó bá wù yín lẹ lè fún ẹni tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó tuntun ni o. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é?" Bàbá mi ní àwọn mọ̀ ọ́n. Bàbá Tọ́nà wo èmi tí mo gbé abọ́ dání. "Ṣé ìyá ìyàwó nìyí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì la gbà wọ́n padà.

Ohun tó le nínú ìgbéyàwó irin ni ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Bàbá mi fi gírísì dúdú pa ojú tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n, wọ́n dé gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní bí ọkọ̀ yìí bá ti jí, kò gbọdọ̀ rọlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Bó bá rọlẹ̀, òróró kò ní fò dé orí kókó dáadáa, wọ́n á sì ha ara wọn kí wọ́n tó mọra. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ tẹ tọ́rọ́tù, ìtẹsẹ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì sáré, mọ́lẹ̀ lójú kan ṣoṣo. Bàbá mi ní láti wà níbi ẹ́ńjìnnì, màmá mi á máa wo omi àti òróró tó bá ń jò lábẹ́. Mo ti ń wo ilẹ̀ nígbà tí bàbá mi ní, "Rẹ́nikẹ́, gòkè." Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Wọ́n ká aṣọ màmá mi méjèèjì sábẹ́ ìdí mi, wọ́n fi àpò yanrìn ti ẹ̀yìn mi, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Màmá mi fi ọwọ́ wọn tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́ tọ́rọ́tù títí ẹ́ńjìnnì fi dún bí wọ́n ṣe fẹ́. "Ohùn yìí ni kó o mú. Má jẹ́ kó gòkè, má jẹ́ kó sọ̀. Má wo ẹnikẹ́ni. Gbọ́ ọ."

Mo gbọ́ ọ. Gbogbo Ìbá ló gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì náà ké bí ẹni tí wọ́n pè ní olè lọ́jà, àwọn adìẹ sá wọ abẹ́ àgbá, àwọn aládùúgbò jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń ta ayò fi ayò sílẹ̀. Ẹnìkan ní kí bàbá mi gba ọmọ kúrò níbẹ̀ kó tó ba ọkọ̀ jẹ́, bàbá mi kò gbé orí sókè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Pàjápàjá mú un, ó kú, ó di iná. Ìyá àgbà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ náà pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, wọ́n ń fẹ́ mi, wọ́n sì ń ki mí ní Àjíkẹ́, ọmọ tí a jí kẹ́, bí ẹni pé mò ń rọbí. Ojú mi ti kún fún òógùn débi pé mi ò ríran mọ́, àfi ohùn yẹn nìkan ni mo dìmú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sọ̀ rárá. Títí di òní, mo ti gba ìwé ẹ̀rí, mo ti gba oyè níbi iṣẹ́, wọ́n ti pè mí sórí pèpéle kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, kò sí èyí tó dà bí ìgbà tí màmá mi gbé aago ọwọ́ wọn sókè tí wọ́n ní, "Ó pé. Gbé ẹsẹ̀ ẹ." Wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀ nítorí pé mi ò lè dúró. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ó ń kùn jẹ́ẹ́. Bàbá mi fi etí sí i pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin nímú.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà la lọ sí ìgòkè. Ogójì búlọ́ọ̀kù, èmi ni mo kà wọ́n. Alhaji àti àwọn ìgbìmọ̀ ti dúró lókè, àwọn kan gbé okùn dání láìsọ ìdí tí wọ́n fi gbé e. Màmá mi ní kí n bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ kò nílò ẹrù mìíràn. Èmi àti bàbá mi dúró nísàlẹ̀. Wọn ò wo ọkọ̀ náà. Wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbọ́. Ó wọ inú yanrìn, ó gbọn ara rẹ̀ díẹ̀, mo di aṣọ bàbá mi mú. Ó dé ìdí ìgòkè. Mo gbọ́ ìgbà tí màmá mi tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ bí tọ́bò ṣe fọn fèrè tirẹ̀, ohun tí mi ò gbọ́ kó fọn bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń gòkè. Kò yára, kò sì dúró. Èmi ń retí èéfín dúdú, gbogbo wa là ń retí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ń jáde kò ju ti ẹni tó ń mu kòkó gbígbóná lọ. Nígbà tó dé òkè, màmá mi pa á, wọ́n bọ́ sílẹ̀ láì wọ bàtà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ búlọ́ọ̀kù kalẹ̀ fúnra wọn. Alhaji yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan. "Ìyá Rẹ́nikẹ́, ta ló bá yín ṣe ẹ́ńjìnnì yìí?" Màmá mi kò dúró. "Ará ilé mi ni. Ibo ni kí n kó ti ọ̀la sí?" Ìyá àgbà kò wá síbẹ̀, wọ́n ní orúnkún ò jẹ́ kí àwọn wá. Nígbà tí a délé, wọ́n ti fi ẹfun kun ògiri ilé ìdáná. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé èéfín ò ní bà á mọ́.

Búlọ́ọ̀kù màmá mi ló wà nínú gbogbo ògiri ilé ìgbẹ̀bí náà. Mo bí ọmọ mi méjèèjì níbẹ̀, nígbà tí mo sì ń rọbí èkejì, mo fi ọwọ́ pa ògiri, mo rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì rò pé ara mi ò dá. Píkọ́ọ̀pù náà ṣiṣẹ́ títí ojú màmá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ọjọ́ tí wọ́n tà á, bàbá mi ti ṣaláìsí, èmi ni mo lọ kó ẹrù inú rẹ̀ jáde. Mo bá aṣọ méjì tí a ká pọ̀, mo bá tẹsùbáà ìyá àgbà, mo sì na ọwọ́ sẹ́yìn síìtì, mo fa páálí kan yọ tí ihò mẹ́jọ wà lára rẹ̀. Ohun tí bàbá mi fi pẹ́ńsùlù kọ síbẹ̀ ti fẹ́ máa pa rẹ́. "Kamuṣáàfù: èmi. Tápẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, a fá gbogbo rẹ̀: Bàbá Tọ́nà. Tọ́rọ́tù, ogún ìṣẹ́jú, kò sọ̀ rárá: Rẹ́nikẹ́." Mo yí i padà. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo wo etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbé e sójú oòrùn. Ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó da tápẹ́ẹ̀tì pọ̀ sí ni mò ń wá. Wọn ò kọ ọ́.